Yíìsì méjì nínú ike bíà kan: èwo ló máa pinnu bí ọtí ṣe máa rí?

Obìnrin kan tó ń pọn bíà nílé rẹ̀ ní ìlú Leeds, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló fi ìbéèrè yìí ránṣẹ́:

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí mo ti ń pọn bíà nílé, yíìsì Windsor ni mo sì sábà máa ń lò. Mo fẹ́ràn òórùn èso tó ń fún ọtí náà, àmọ́ adùn ṣúgà rẹ̀ máa ń pọ̀ jù lẹ́nu, ọtí náà kì í sì í tòrò bọ̀rọ̀. Mo ti wá ra yíìsì mìíràn báyìí, Nottingham lorúkọ rẹ̀. Ṣé mo lè da méjèèjì pọ̀ kí ọtí náà lè wà láàárín? Ọ̀rẹ́ ọkọ mi ní kí n kúkú fi yíìsì wáìnì kún un kí agbára rẹ̀ lè pọ̀ sí i. Èmi fúnra mi ń rò ó pé kí n fi ìdí ẹmu díẹ̀ sí i, kó lè ní adùn ilé. Bí mo bá sì dà wọ́n pọ̀ tán, ṣé mo lè tọ́jú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ fún ọtí tó ń bọ̀?"

Ẹ ṣeun tí ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ kínníkínní, ó mú kí ìdáhùn rọrùn. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ lè lo Windsor àti Nottingham nínú ike kan náà, mo tilẹ̀ rò pé wọ́n bá ara wọn mu gan-an. Ṣùgbọ́n pé ọtí náà á wà láàárín bí ẹ ṣe ń retí, kò ní rí bẹ́ẹ̀. Bí ṣúgà ṣe máa ṣẹ́ kù tó nínú ọtí yín, Nottingham nìkan ló máa pinnu rẹ̀, yálà ẹ fi odindi páàkẹ́ẹ̀tì sí i tàbí ìdajì. Òórùn àti adùn ni ẹ lè darí, àkókò tí ẹ bá da yíìsì kọ̀ọ̀kan sínú ike ló sì máa ń ṣe bẹbẹ níbẹ̀ ju ìwọ̀n tí ẹ dà lọ. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí rẹ̀, torí bí ẹ bá ti mọ ìdí rẹ̀, ẹ lè fi ṣèdájọ́ yíìsì yòówù tí ẹ bá tún rà.

Nígbà tí ẹ bá rẹ mọ́ọ̀tì, ìyẹn ọkà báálì tí wọ́n mú hù tí wọ́n sì yan gbẹ, sínú omi gbígbóná, oríṣiríṣi ṣúgà ló ń jáde sínú omi náà, òun sì ni yíìsì máa jẹ tó máa sọ di ọtí. Èyí tó pọ̀ jù ni maltose, ó máa ń tó bí ìdajì gbogbo rẹ̀. Glucose wà níbẹ̀ díẹ̀. Maltotriose máa ń tó ìdá 10 sí 15 nínú 100. Dextrin ló kó èyí tó pọ̀ nínú ìyókù, yíìsì bíà lásán kò sì lè jẹ ẹ́ rárá. Òun ló ń jẹ́ kí ọtí kún ẹnu. Orí maltotriose ni yíìsì yín méjèèjì ti yàtọ̀ síra. Windsor kò lè jẹ maltotriose. Ó máa jẹ glucose, á jẹ maltose, ó sì máa ń yára, nítorí láàárín ọjọ́ 3 ó lè ti parí iṣẹ́ rẹ̀; maltotriose á wá wà níbẹ̀ bó ṣe wà. Ohun tí ahọ́n yín ń tọ́ wò nìyẹn. Nottingham ní tirẹ̀ ń jẹ maltose, ó sì ń jẹ maltotriose pẹ̀lú.

Ẹ jẹ́ ká fi háídrómítà wò ó, ìyẹn ohun èlò tó ń sọ bí ṣúgà ṣe pọ̀ tó nínú omi: bí ṣúgà bá ṣe ń tán ni nọ́ńbà rẹ̀ ń wálẹ̀. Ká ní omi mọ́ọ̀tì yín wà ní 1.046 kí ẹ tó da yíìsì sí i. Windsor nìkan á mú un wálẹ̀ dé nǹkan bí 1.015, agbára ọtí náà á sì jẹ́ bí ìdá 4 nínú 100. Nottingham nìkan á mú un dé nǹkan bí 1.009, agbára rẹ̀ á sì sún mọ́ ìdá 4.9. Bí ẹ bá wá da méjèèjì pọ̀, ẹ ò ní bá a ní 1.012. Ibi tí Nottingham ń dé náà ló máa dé, tàbí kó kù díẹ̀ kó débẹ̀. Bí ọmọ méjì bá jọ ń jẹun nínú àwo kan, tí ọ̀kan kì í jẹ ẹja, tí èkejì ń jẹ ẹja, ẹja ò ní kù sínú àwo náà.

Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ kí ọtí yín ṣì kún ẹnu díẹ̀ lẹ́yìn tí Nottingham bá wọ̀ ọ́, ọ̀dọ̀ mọ́ọ̀tì ni kí ẹ ti wá a. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀yin fúnra yín lẹ ń rẹ mọ́ọ̀tì, tí ẹ sì ń rẹ ẹ́ ní 65°C, ẹ gbé e sí 68°C. Beta-amylase, èròjà inú ọkà tó ń gé sítáàṣì sí maltose, kì í fara da ooru yẹn pẹ́, èyí á sì jẹ́ kí dextrin pọ̀ sí i. Windsor ò lè fọwọ́ kan dextrin yìí, Nottingham náà ò lè fọwọ́ kàn án, torí náà ó máa wà nínú ọtí yín dìgbà tí ẹ bá mu ún. Bó bá sì jẹ́ mọ́ọ̀tì inú agolo lẹ ń lò, ẹ rẹ nǹkan bí 300 g mọ́ọ̀tì crystal sínú omi gbígbóná fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ sì fi omi rẹ̀ kún un.

Ẹ wá lè bi mí pé, kí ni èrè à ń da yíìsì pọ̀ nígbà náà? Èrè wà níbẹ̀. Òórùn èso tí ẹ fẹ́ràn lára Windsor, àwọn èròjà tí wọ́n ń pè ní ester ló ń mú un wá. Ìbẹ̀rẹ̀ ni yíìsì máa ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, láàárín ọjọ́ kìíní sí ìkẹta, nígbà tó ṣì ń bí sí i tí ike ń hó ruru. Maltotriose sì rèé, ìgbẹ̀yìn ni yíìsì ń kọjú sí i, nígbà tí glucose bá ti tán tí maltose náà sì ń tán lọ. Ẹ rí i pé iṣẹ́ tí ẹ ń fẹ́ lọ́wọ́ Windsor, iṣẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ ni. Èyí tí ẹ ń fẹ́ lọ́wọ́ Nottingham, iṣẹ́ ìparí ni. Kò sí ìdí tó fi yẹ kí wọ́n wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹ bá jọ dà wọ́n sí i pọ̀, wọ́n á jọ pín ọ́síjìn àti àwọn èròjà aṣaralóore tó wà nínú omi mọ́ọ̀tì, wọ́n á jọ bí sí i, òórùn Windsor á sì dínkù. Ọtí náà kò ní burú o, àmọ́ ẹ ti pàdánù ìdajì ohun tí ẹ torí rẹ̀ ra Windsor.

Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí dunjú ti ń lo ọgbọ́n àkókò yìí tipẹ́. Ní ilé àwọn mọ́ńkì ní Orval, ní Bẹ́ljíọ̀mù, yíìsì bíà lásán ló ń ṣe iṣẹ́ àkọ́kọ́. Ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ rọ ọtí sínú ìgò ni wọ́n ń fi Brettanomyces sí i, yíìsì kan tó ń rọra ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ìdí nìyẹn tí Orval tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde fi yàtọ̀ pátápátá lẹ́nu sí èyí tó ti lo oṣù mẹ́fà. Ká ní ọjọ́ kìíní ni wọ́n da méjèèjì pọ̀ ni, ọtí mìíràn ni ì bá jẹ́.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ fún yín pé yíìsì tó dàpọ̀ kì í ṣe ohun gidi. Kó tó di 1883, kò sí ilé ìpọntí kan tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé irú yíìsì kan ṣoṣo ló wà nínú ọtí òun. Ọdún yẹn ni Emil Christian Hansen, nínú yàrá ìwádìí ilé ìpọntí Carlsberg ní Copenhagen, fi sẹ́ẹ̀lì yíìsì kan ṣoṣo tó yà sọ́tọ̀, tó sì mú bí títí tó fi pọ̀, pọn ọtí odindi. Yíìsì búburú ti wọ inú ọtí Carlsberg tẹ́lẹ̀, ó ń bà á jẹ́. Yíìsì mímọ́ yìí ló yọ wọ́n, wọ́n sì fún àwọn apọntí mìíràn nínú rẹ̀ láìgba kọ́bọ̀. Gbogbo lágà ayé gba ọ̀nà yẹn. Ní England, àwọn kan kò gbà á. Títí di àkókò tiwa yìí, yíìsì ilé ìpọntí Adnams ní Southwold jẹ́ irú méjì tó ń gbé pọ̀. Nítòsí yín níbẹ̀, ní Tadcaster, ọ̀nà mìíràn ni Samuel Smith ń gbà: inú àpótí òkúta tí wọ́n ń pè ní Yorkshire square ni wọ́n ti ń jẹ́ kí ọtí hó, torí pé yíìsì wọn máa ń tètè rọ sísàlẹ̀, wọ́n sì ní láti máa fa ọtí láti ìsàlẹ̀ dà á padà sórí kí yíìsì lè jí padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ẹ̀yin tó ń ka èyí ní Èkó tàbí Ìbàdàn, níbi tí ooru inú ilé kì í fi bẹ́ẹ̀ lọ sílẹ̀ sí 20°C, ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ yìí ò kàn yín. Àwọn àgbẹ̀ ìwọ̀-oòrùn Norway ní yíìsì tiwọn tí wọ́n ń pè ní kveik. Láti ìran dé ìran ni wọ́n ti ń sá a gbẹ sára igi tàbí aṣọ, tí wọ́n sì ń jí i padà lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ pọntí. Kveik tí wọ́n ń jogún yìí kì í ṣe irú kan ṣoṣo. Irú yíìsì mélòó kan ló ń gbé pọ̀ nínú rẹ̀. Ti agbègbè Voss máa ń ṣiṣẹ́ dáadáa ní 35°C sí 40°C, ooru tó máa jẹ́ kí ọtí Windsor má ṣeé fẹnu kàn. Àmọ́ èyí tí wọ́n ń tà ní páàkẹ́ẹ̀tì sábà máa ń jẹ́ irú kan ṣoṣo tí wọ́n yọ jáde nínú àpapọ̀ náà. Bó ti wù kó rí, bí ẹ ò bá ní fìríìjì tí ẹ lè fi mú ike tutù, òun ni kí ẹ rà.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sí Leeds. Bí mo ṣe fẹ́ kí ẹ ṣe é rèé.

Ẹ jẹ́ kí omi mọ́ọ̀tì tutù dé 18°C. Bí yíìsì bá ti ń hó, òun fúnra rẹ̀ máa fi ìwọ̀n ooru díẹ̀ kún un, torí náà ẹ má gbé ike sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ amúlé-móoru. Ẹ fi ṣíbí gígùn tó mọ́ lù ú dáadáa kí atẹ́gùn wọ inú rẹ̀, torí ìgbà yìí nìkan ni ọtí fẹ́ ọ́síjìn. Kí ẹ wá da odindi páàkẹ́ẹ̀tì Windsor kan, 11 g, sínú lítà 20. Ẹ má dín in kù nítorí pé yíìsì mìíràn ń bọ̀.

Láti alẹ́ ọjọ́ kejì, ẹ máa bu díẹ̀ wò pẹ̀lú háídrómítà. Nígbà tó bá ti dé nǹkan bí 1.025, ó tó àkókò láti jí Nottingham. Ẹ se omi, ẹ jẹ́ kó tutù dé 30°C sí 35°C, kí ẹ bu nǹkan bí 110 ml nínú rẹ̀ sínú ife tó mọ́. Ẹ wọ́n 11 g Nottingham sójú omi náà, ẹ má rò ó. Á kọ́kọ́ máa léfòó ní gbígbẹ. Díẹ̀díẹ̀ á mu omi, á bẹ̀rẹ̀ sí í rì, ojú omi á sì di aláwọ̀ ìpara. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15 kí ẹ tó fi ṣíbí rò ó, kí ẹ tún fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 5. Ẹ wá máa bu bíà inú ike sí i ní ìwọ̀nba, lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, títí ooru rẹ̀ yóò fi sún mọ́ ti inú ike. Ìgbà yẹn ni kí ẹ rọra dà á sínú ike, ní ẹ̀bá ike, kó má ta sókè. Ọ́síjìn tí ọtí ń fẹ́ lọ́jọ́ kìíní yẹn ti di ọ̀tá rẹ̀ báyìí. Òun ló ń mú òórùn páálí wá nígbà tó bá yá.

Ìdí tí mo fi mú 1.025 ni pé oúnjẹ ṣì pọ̀ níbẹ̀. Àwọn kan máa ń dúró títí Windsor á fi parí pátápátá ní 1.015 kí wọ́n tó da èkejì sí i. Nígbà náà, Nottingham á bá ọtí líle pàdé, ọ́síjìn ti tán, èròjà aṣaralóore ti tán, ṣúgà kan ṣoṣo tó sì ṣẹ́ kù ni èyí tó ṣòro jẹ jù. Ó lè jókòó sísàlẹ̀ láìṣe ohunkóhun, ẹ ó sì máa bú yíìsì tí kò jẹ̀bi.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti dà á, ẹ jẹ́ kí ike náà móoru díẹ̀, 20°C tàbí 21°C. Ẹ má rọ ọ́ sínú ìgò àfi tí háídrómítà bá fún yín ní nọ́ńbà kan náà fún ọjọ́ 3 tó tẹ̀ léra. Tí Nottingham bá ti parí, á dì mọ́ra, á sì rọ sílẹ̀, ó sì sábà máa ń fa lára Windsor tó ń léfòó káàkiri mọ́ra lọ sílẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti rí ọtí tó tòrò tí ẹ ń wá.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ dájú pé wàhálà náà tó bẹ́ẹ̀, ẹ pín ọtí kan náà sínú ìgò ńlá onílítà 4.5 mẹ́ta, àwọn tí wọ́n ń fi pọn wáìnì níbẹ̀ yẹn. Windsor nìkan nínú ọ̀kan, Nottingham nìkan nínú èkejì, kí ẹ ṣe ìkẹta bí mo ṣe wí. Ẹ fi òṣùwọ̀n kékeré wọn yíìsì, nǹkan bí 2.5 g fún ìgò kọ̀ọ̀kan. Ahọ́n yín á sọ ohun tí àlàyé mi ò lè sọ. Èyí tó bá ṣẹ́ kù nínú páàkẹ́ẹ̀tì, ẹ dì í pa dáadáa, ẹ fi sínú fìríìjì, kó má sì ju ọjọ́ 3 lọ.

Ọgbọ́n kan wà tó máa wá sí yín lọ́kàn, mo sì fẹ́ kí ẹ sá fún un. Ẹ lè rò pé bí dída yíìsì pọ̀ ò bá fún yín ní 1.012, ẹ ó pọn ọtí méjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ wá da ọtí pọ̀ mọ́ ọtí lọ́jọ́ tí ẹ bá ń rọ ọ́ sínú ìgò. Lóòótọ́, lọ́jọ́ náà ẹ ó ka 1.012. Ṣùgbọ́n Nottingham tó ṣì wà láàyè nínú ìdajì kan ti wá bá maltotriose tí Windsor fi sílẹ̀ nínú ìdajì kejì pàdé, inú ìgò tí ẹ ti dé pa ni yóò sì ti jẹ ẹ́. Láti 1.012 sí 1.009, ìwọ̀n 3 nìyẹn. Ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan tó bá wálẹ̀ lórí háídrómítà ń fi nǹkan bí ìdajì lítà gáàsì kún lítà ọtí kan, torí náà lítà gáàsì kan ààbọ̀ ló máa wọlé láfikún. Ṣúgà tí ẹ fi sí ìgò kí ọtí lè hó, bó bá jẹ́ 6 g fún lítà kan, ti mú gáàsì inú lítà kọ̀ọ̀kan dé bí lítà 2.4 tẹ́lẹ̀. Àpapọ̀ rẹ̀ ti di 3.9. Ìgò bíà lásán kò yẹ kó kọjá bí 3. Ìgò tó bá fọ́ nínú kọ́bọ́ọ̀dù lè fọ́ ojú ọmọdé. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ adùn ọtí mọ́ nìyẹn.

Ewu kan náà wà lára irú yíìsì tí wọ́n ń pè ní diastaticus. Apilẹ̀ àbùdá kan, STA1, wà lára rẹ̀ tó ń jẹ́ kó lè fọ́ dextrin sí ṣúgà, èyí tí mo ní yíìsì lásán ò lè fọwọ́ kàn. Belle Saison jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Òun nìkan nínú ike, kò sóhun tó ṣe é, ẹ ṣáà ní sùúrù kó parí. Ṣùgbọ́n ẹ má fi í kún yíìsì mìíràn pé ẹ fẹ́ òórùn rẹ̀ díẹ̀. Díẹ̀ yẹn náà á máa bí sí i, á sì jẹ dextrin tán fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ lẹ́yìn tí ẹ rò pé ọtí ti parí. Ike tàbí rọ́bà tí ẹ bá ti fi ṣe é, ẹ fọ̀ ọ́ ju bí ẹ ṣe máa ń fọ ìyókù lọ.

Ọ̀rọ̀ yíìsì wáìnì ńkọ́? Ẹ kí ọ̀rẹ́ ọkọ yín, àmọ́ ẹ má ṣe ohun tó wí. Ohun méjì ló wà níbẹ̀. Àkọ́kọ́ ni pé inú oje èso àjàrà ni yíìsì wáìnì ti dàgbà, glucose àti fructose ló mọ̀ ọ́n jẹ. Púpọ̀ nínú wọn ò mọ ohun tí wọ́n máa fi maltotriose ṣe. Pé ó lè fara da ọtí tó le dé ìdá 18 nínú 100 kò sọ pé ó lè rí ṣúgà jẹ nínú bíà yín. Èkejì ló burú jù. Ní 1963 ni àwọn olùwádìí méjì, Bevan àti Makower, ṣàwárí pé àwọn yíìsì kan máa ń tu oró jáde tó ń pa yíìsì mìíràn. Fáírọ́ọ̀sì kan tó ń gbé inú wọn ló ń fún wọn ní oró náà, kì í sì í pa àwọn fúnra wọn. Ọ̀pọ̀ yíìsì wáìnì ló ní in, EC-1118 tí gbogbo ilé ìtajà ń tà wà lára wọn. Ọ̀pọ̀ yíìsì bíà kò sì ní ààbò kankan sí i. Bí ẹ bá fi EC-1118 sí Windsor àti Nottingham lọ́jọ́ kìíní, ó lè pa èyí tó mọ maltotriose jẹ, kí òun tí kò mọ̀ ọ́n jẹ sì kù. Ẹni tó ń wá ọtí líle á wá mu ọtí tó dùn jù, tí agbára rẹ̀ sì kéré jù. Ibi kan ṣoṣo tí mo ti ń gbà á láàyè ni bíà tó le gan-an, tó ti parí pátápátá, tí yíìsì rẹ̀ ti rẹ̀ débi tí kò lè hó nínú ìgò mọ́. Níbẹ̀, ẹ lè fi díẹ̀ sí i lọ́jọ́ tí ẹ bá ń rọ ọ́ sínú ìgò.

Ìdí ẹmu tí ẹ ń rò, mo mọ ohun tó ń wu yín níbẹ̀. Àmọ́ ẹmu inú ìgò tí wọ́n ń tà lókè òkun, wọ́n sábà máa ń fi iná pa ohun tó ń hó nínú rẹ̀ kó tó wọ ọkọ̀, torí náà kò sí yíìsì alààyè nínú ìdí rẹ̀. Bó bá sì jẹ́ ẹmu tútù, ọ̀pọ̀ nǹkan ló ń gbé inú rẹ̀ pọ̀: yíìsì Saccharomyces wà níbẹ̀, bakitéríà tó ń sọ nǹkan di kíkan wà níbẹ̀, èyí tó ń sọ ọtí di ọtí kíkan wà níbẹ̀, bakitéríà mìíràn tí wọ́n ń pè ní Zymomonas náà sì wà níbẹ̀. Zymomonas yìí ń jẹ glucose, fructose àti ṣúgà ìrèké, ṣùgbọ́n kò lè jẹ maltose. Á jókòó jẹ́ẹ́ nínú ike bíà yín, ẹ ó rò pé kò sí níbẹ̀, títí di ọjọ́ tí ẹ bá fi ṣúgà sí ìgò. Àwọn apọntí England ti mọ̀ ọ́n láti ọjọ́ pípẹ́ gẹ́gẹ́ bí ohun tó ń ba ọtí inú àgbá wọn jẹ́, pàápàá níbi tí wọ́n bá ti fi ṣúgà kún ọtí. Òórùn ẹyin rírà ló ń fi sílẹ̀.

Ẹmu, ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ àti bùrùkùtù yàtọ̀ sí bíà inú ìgò. Gbogbo ohun tó dàpọ̀ mọ́ra nínú wọn ń ṣiṣẹ́ lọ láìdúró, ìdí nìyẹn tí a fi ń mu wọ́n láàárín ọjọ́ kan sí ọjọ́ mẹ́ta tí wọ́n bá ṣe tán. Ẹmu tí wọ́n gbé wálé láàárọ̀ dùn, nígbà tó bá fi máa di alẹ́ ó ti le, lọ́jọ́ kejì ó ti ń kan. Lápá àríwá Benin, àwọn obìnrin tó ń pọn tchoukoutou, ọtí ọkà bàbà, máa ń tọ́jú ìdí ọtí tiwọn tí wọ́n ń pè ní kpètè-kpètè, òun ni wọ́n sì fi ń bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Ọgbọ́n ńlá ni, ó sì bá ọtí tí wọ́n máa mu tán kíákíá mu. Bó bá jẹ́ adùn ilé lẹ ń wá, ẹ fi ọkà bàbà tí ẹ mú hù rọ́pò ìdá kan nínú márùn-ún mọ́ọ̀tì yín, kí ẹ sì fi ìdí ẹmu sílẹ̀. Bí ẹ bá sì fẹ́ dán ìdí ẹmu wò dandan, ẹ wá ike mìíràn tí bíà ò ní wọ̀ mọ́ láé, kí ẹ pọn ìwọ̀nba, kí ẹ sì mu ún láìrọ ọ́ sínú ìgò.

Ó ku ọ̀rọ̀ gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀. Ẹ lè tọ́jú rẹ̀, àmọ́ kò ní jẹ́ Windsor àti Nottingham ní ìdajì-ìdajì. Nottingham máa ń dì, ó sì máa ń rọ sílẹ̀. Windsor máa ń pẹ́ nínú ọtí. Bí ẹ bá bu ìdí ike, Nottingham ló máa pọ̀ níbẹ̀. Bí ẹ bá tún un lò, èyí tó pọ̀ á tún pọ̀ sí i, àti pé lọ́tẹ̀ yìí ọjọ́ kìíní ni àwọn méjèèjì jọ ń wọlé, ètò àkókò tí mo ní kí ẹ ṣe ti bàjẹ́ nìyẹn. Lẹ́yìn ìlò méjì tàbí mẹ́ta, òórùn èso tí ẹ fẹ́ràn á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá. Irú méjì Adnams lè máa gbé pọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún nítorí pé ilé iṣẹ́ ní yàrá ìwádìí tó ń ṣọ́ ọ. Lórí ìdáná, kò ṣeé ṣe.

Ohun tó máa dára fún yín ni kí ẹ máa ra Windsor tuntun fún ọtí kọ̀ọ̀kan, nítorí òórùn rẹ̀ ni ẹ ń sanwó fún, kí ẹ wá máa fi gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tí Nottingham pọ̀ nínú rẹ̀ ṣe iṣẹ́ ìparí ní 1.025. Bí Windsor díẹ̀ bá wà nínú rẹ̀, kò ní pa yín lára níbẹ̀. Ẹ bù ú sínú ìgò ẹlẹ́nu gbígbòòrò tí ẹ ti fi omi gbígbóná pa kòkòrò ara rẹ̀, ẹ má dé e pinpin kí gáàsì lè rí ọ̀nà jáde, ẹ kọ ọjọ́ sí i lára, kí ẹ gbé e sínú fìríìjì. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì ni kí ẹ lò ó. Kí ẹ tó dà á, ẹ gbóòórùn rẹ̀: bó bá ń rùn bíi búrẹ́dì, kò sí wàhálà, bó bá ń kan tàbí tó ń rùn bí ẹran tó bàjẹ́, ẹ dà á nù, kí ẹ ra páàkẹ́ẹ̀tì tuntun.